Kì í Ṣe Faransé Ni WNTV Ṣáájú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó máa ń jẹyọ lọ́dọọdún bí ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá bá ti ń súnmọ́ etílé. Ọ̀rọ̀ WNTV (Western Nigeria Television) ni, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ yẹn ní ọdún 1959. Nígbàkigbà tí a bá fẹ́ fi í yangàn, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé Yorùbá ti ń wo tẹlifíṣọ̀n kí orílẹ̀-èdè Faransé tó mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú níbi ìpolongo ìbò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alága ìnáwó tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn yóò fi pàtẹ́wọ́, mo sì ti kà á nínú àwọn ìwé ìròyìn elédè Yorùbá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe òótọ́.

Oṣù Kẹrin ọdún 1935 ni ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí gbé ètò tẹlifíṣọ̀n sáfẹ́fẹ́ fún aráàlú, ìyẹn ọdún mẹ́rìnlélógún kí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé òpó rẹ̀ lọ sórí ilé gogoro Eiffel ní ìlú Paris. Nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn Jámánì sì ti gba Paris, àwọn Jámánì náà lo òpó yìí láti máa gbé eré jáde fún àwọn ọmọ ogun wọn tí wọ́n fara gbọgbẹ́ tí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kẹfà 1953, nígbà tí wọ́n ń dé Ọbabìnrin Elizabeth ládé ní London, àwọn ará Faransé wà lára àwọn tí wọ́n ń wo ayẹyẹ náà láti òkèèrè bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1953 yẹn, ìjà rédíò lásán ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣì ń bá ìjọba àwọn òyìnbó jà, mo sì ń padà bọ̀ wá sórí ìjà náà, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú àsọdùn yìí ni pé a kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ yangàn pẹ̀lú ọdún 1959 ní òótọ́ tí ó pọ̀ tó láti fi yangàn. Oṣù Kẹfà 1960 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand. Oṣù Keje ọdún yẹn ni Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, Íjíbítì tí gbogbo ayé ń kà sí ilé ọ̀làjú láti ayébáyé. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni ọba Norway tó ṣí tiwọn ní gbangba, Norway tí ó wà ní Yúróòpù, tí kò sì sẹ́ni tí yóò sọ pé wọ́n tálákà tàbí pé ojú wọn kò là. Ghana tí ó gba òmìnira ṣáájú wa kò ní tirẹ̀ títí di oṣù Keje 1965, Iceland kò sì ní tirẹ̀ títí di 1966. Ní ti Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú gbogbo wúrà àti dáyámọ́ńdì tí ó wà nílẹ̀ wọn, oṣù Kìn-ín-ní 1976 ni tẹlifíṣọ̀n wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń ṣe ìjọba níbẹ̀ ń bẹ̀rù ohun tí àwòrán láti ìta lè gbìn sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọmọ Johannesburg tó rí tẹlifíṣọ̀n ìjọba rẹ̀ wò. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Kí ló wá dé tí Faransé nìkan ni a máa ń rán mọ́ ìtàn wa?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àkọmọ̀nà WNTV fúnra rẹ̀ ni "First in Africa", pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, wọ́n á sì fẹ́ mọ̀ bóyá èmi yóò gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ń tọpinpin ọ̀rọ̀ yóò rí i pé ilé iṣẹ́ àdáni kan ti gbé tẹlifíṣọ̀n sáfẹ́fẹ́ ní Casablanca, ní ilẹ̀ Morocco, ní 1954, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́ kó tọ́jọ́, ó sì kógbá wọlé ní ọdún kejì. Ìjọba Faransé náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Algiers ní ìparí ọdún 1956. Àwọn méjèèjì yìí, àwọn òyìnbó tí wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí àkọmọ̀nà náà dúró ṣinṣin níwájú alárìíwísí, a ó sọ pé WNTV ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ Áfíríkà, àti pé òun ni àkọ́kọ́ tí ìjọba tí àwọn aláwọ̀ dúdú dìbò yàn dá sílẹ̀ fún àwọn èèyàn ara wọn. Lójú tèmi, ìkejì yìí gan-an ni ó wúwo jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé àkọmọ̀nà kì í ṣe ìwé ìtàn. WNTV ń gba ìpolówó ọjà, ó sì ń wá oníbàárà, nítorí náà ó ní láti kígbe ara rẹ̀ bí alákàrà ti ń kígbe àkàrà gbígbóná. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn ní Enugu ní ọjọ́ òmìnira gan-an, 1 oṣù Kẹwàá 1960, wọ́n mọ̀ pé àwọn kò lè sọ pé àwọn ni àkọ́kọ́ mọ́, ni wọ́n bá mú "Second to None" ṣe àkọmọ̀nà tiwọn, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí ó jù wọ́n lọ. Mo gba tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ó sì pa ni lẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ti Ìbàdàn ni yóò mọ ibi tí èsì náà ń lọ. Kàdúná dara pọ̀ ní 1962, ìjọba àpapọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún yẹn. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí Nàìjíríà fi gba òmìnira, ìjọba àpapọ̀ kò ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan. Ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó ti gbé òpó kan sórí òkè Màpó, tí ó sì ní òmíràn tí ó súnmọ́ Èkó, ni àwọn tí wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ní Èkó ń wò.

Mo wá fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí WNTV ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtàn yẹn ni ọ̀rọ̀ Faransé máa ń bò mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro, tí ó jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, gbé àbá kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú láti Òkè Ọya kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, ni àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti àwọn ti ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC bá fi ìbínú jáde kúrò nínú ilé. Gómìnà Nàìjíríà nígbà náà, Sir John Macpherson, lọ sórí rédíò ìjọba, ó sì bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí létí gbogbo ayé. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà láti fèsì, wọn kò gbà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ìjọba ni, ìjọba ló sì ń sọ̀rọ̀.

Àwọn kan ì bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ṣe, wọ́n jà fún un pé kí ọ̀rọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ má ṣe jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, òfin tí ó jáde ní 1954 sì fún àwọn ìjọba ẹkùn láyè láti dá tiwọn sílẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún sí ìgbà náà ni wọ́n fi bá ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ Overseas Rediffusion dòwò pọ̀, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn tí wọ́n ti gbé àpótí rédíò rẹdifúṣọ̀n kọ́ sára ògiri rí. Ìjọba mú ìpín tirẹ̀ wá, àwọn òyìnbó náà mú tiwọn wá pẹ̀lú ìmọ̀ iṣẹ́, ìjọba sì padà ra ìpín àwọn òyìnbó náà kó lè jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Owó kòkó ni Ìwọ̀-Oòrùn gbójú lé nígbà náà, kì í ṣe owó epo rọ̀bì, kì í sì ṣe owó tí wọ́n ń retí láti Àbújá ní òpin oṣù.

Ọ̀rọ̀ èsì nìkan kọ́ ni wọ́n rò. Ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọmọ sì ya wọ kíláàsì ju iye olùkọ́ tí ó wà nílẹ̀ lọ. Èrò ìjọba ni pé olùkọ́ kan tí ó mọṣẹ́ dáadáa lè dúró ní sítúdíò ní Ìbàdàn kí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ rí bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀, nítorí pé àpótí tẹlifíṣọ̀n wọ́n, iná ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ ìlú, fíìmù àwọn òyìnbó sì ni ó gba apá tí ó pọ̀ nínú àkókò nígbà náà, torí pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń rí i rà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ ìtàn WNTV bí ẹni pé láti ọjọ́ kìíní ni gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ àṣà Yorùbá pọ́nńbélé kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò jẹ́ kó parí sórí fíìmù àwọn òyìnbó. Olóyè Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn rí lórí rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní oṣù Kẹjọ 1960, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Ṣẹ́gun Olúsọlá darí eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tí Wọlé Ṣóyínká kọ, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àwọn eléré tíátà alárìnká wa wọlé wẹ́rẹ́, tí Moses Ọláìyá di Baba Sàlá tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nínú ilé, tí Oyin Adéjọbí náà sì rí ibi tí àwọn tí kò lè san owó ìwọlé gbọ̀ngàn eré ti lè wo iṣẹ́ rẹ̀. Àkọmọ̀nà nìkan kọ́ ló gbé orúkọ WNTV ró. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ni.

Mo ní láti sọ èyí pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé oríkì ni mo ń kì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí pé wọn kò jẹ́ kí alátakò fèsì kò pẹ́ kó tó di ohun tí ìjọba Ẹkùn náà ń lò fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fọ́ sí méjì ní 1962, ẹni tí ó bá wà ní ìjọba ni ó ń pàṣẹ ohun tí yóò lọ sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìbò tí ó da Ìwọ̀-Oòrùn rú, ẹnìkan gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, ó sì fipá mú àwọn òṣìṣẹ́ láti gbé téèpù mìíràn sáfẹ́fẹ́ dípò ti Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ẹkùn náà. Ṣóyínká tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Láàárín ọdún méjìlá sí ìgbà tí Macpherson sọ̀rọ̀ tí wọn kò jẹ́ kí Awólọ́wọ̀ fèsì, ìbọn ni èsì wá gbà.

Ní ti orúkọ, àwọn ológun ni wọ́n pa á rẹ́. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn ìpínlẹ̀, òfin ológun kẹrìnlélógún ti ọdún 1977 sì kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ NTA (Nigerian Television Authority), ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Bí WNTV ṣe di NTA Ìbàdàn nìyẹn, tí ti Enugu di NTA Enugu, tí ti Kàdúná, Benin àti Jos náà gba orúkọ kan náà pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ kan náà, tí gbogbo wọn sì ń gba ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti Èkó. Vincent Maduka, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ti Ìbàdàn, ni wọ́n fi ṣe olórí àkọ́kọ́ fún NTA, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n mú lọ. Àkọmọ̀nà tí NTA wá gbajúmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni "You can't beat the reach", jíjìnnà ibi tí ó ń dé ni ó fi ń yangàn. Òótọ́ ni pé ó ń jìnnà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ pé bí ó ṣe rí ní Sókótó ni ó rí ní Ìbàdàn, kí ni ará Ìbàdàn yóò fi mọ̀ pé tòun ni?

Èsì ìbéèrè yẹn kò pẹ́ jáde. Ní kété tí ìjọba alágbádá dé ní 1979, tí àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ń ṣe ìjọba wọn sì rí i pé NTA kì í gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde bí ó ṣe yẹ, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lateef Jákàńdè dá ti Èkó sílẹ̀ ní 1980, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Bọ́lá Ìgè dá ti Ọ̀yọ́ sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Ilé Akéde ní Oríta Baṣọ̀run lónìí. Awólọ́wọ̀ tí wọn kò jẹ́ kó fèsì ní 1953 ni olórí ẹgbẹ́ wọn, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn nílò kí a ṣàlàyé ìdí tí ìpínlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní ohùn tirẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Èmi kò sọ pé kí wọ́n fagi lé NTA tàbí kí wọ́n dá agogo padà sẹ́yìn sí 1976. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí NTA Ìbàdàn tí ó wà ní Agodi má ṣe fi orúkọ àtijọ́ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ sójú àwòrán, kí ó hàn lójoojúmọ́ bí wọ́n bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ètò, dípò kó jẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ nìkan ni a ó máa gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ ìròyìn tí kò tó ìdajì ọjọ́ orí rẹ̀ ń kọ ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọn sára mọ́tò àti sára ògiri. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lo "First in Africa", kí wọ́n lò ó pẹ̀lú àlàyé tí mo ṣe lókè yìí, kí ará Morocco kan má bàa fi wá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà ní iṣẹ́ tiyín níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ètò àkọ́kọ́ WNTV ni wọ́n ṣe ní ojú ẹsẹ̀ láìgbà á sílẹ̀, àwọn tí wọ́n sì gbà sílẹ̀, téèpù wọ́n nígbà náà, wọ́n sábà máa ń gba ètò tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ohun tí ó kù wà lọ́kàn àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, àwọn tí wọ́n ń lo kámẹ́rà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn tí wọ́n ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé, ọ̀pọ̀ wọn sì ti dàgbà gan-an. Ẹ rán akọ̀ròyìn sí wọn, kì í ṣe láti béèrè bóyá àwa ni a ṣáájú, bí kò ṣe láti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà: bí ooru sítúdíò ṣe ń rí lábẹ́ iná, ohun tí wọ́n ń ṣe bí eléré bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lójú ayé, ẹni tí ó ń yan fíìmù, ohun tí àwọn òyìnbó Rediffusion kọ́ wọn àti ohun tí wọ́n fi pa mọ́.

Bí àkọsílẹ̀ kan bá sì tún dé orí tábìlì yín lọ́dún yìí tí ó sọ pé Ìbàdàn ṣáájú Faransé, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ pa Faransé rẹ́ kí ẹ fi Norway sí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn